Omi Iyọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Tó Ń Sin Edé Nílé ní Mende

Bí edé inú gíláàsì yín bá pamọ, tí àwọn ọmọ sì kú tán kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹ má tíì dá oúnjẹ lẹ́bi. Irú edé tí ẹ rà ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Edé pupa kéékèèké tó wá láti Éṣíà, Neocaridina, kò ní wàhálà: ọmọ rẹ̀ ti jọ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti jáde, inú omi lásán náà ló sì ń dàgbà sí. Edé ńlá tiwa, Macrobrachium vollenhovenii, tí àwọn apẹja ń kó nínú ọ̀sà Èkó àti Ẹ̀pẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Odò ni ìyá ń gbé, àmọ́ ọmọ rẹ̀ kì í yè láìsí iyọ̀. Ìṣàn odò ló ń gbé wọn lọ síbi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun. Ní Mende ní Èkó, ẹ̀yin lẹ máa ṣe iṣẹ́ ìṣàn yẹn.

Ẹ máa wo abẹ́ ìrù abo. Bí ẹyin bá ti di aláwọ̀ eérú, tí ojú dúdú tíntìntín ti ń hàn nínú rẹ̀, kí omi iyọ̀ ti wà nílẹ̀: lítà kan omi òkun, lítà méjì omi lásán. Omi òkun ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan. Àdàlù yìí á ní bíi 12. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè rọ́pò rẹ̀, torí kò ní gbogbo èròjà tó wà nínú omi òkun. Ẹ má sì bu omi Odò Ìyá Aláro nítorí pé ó sún mọ́ yín. Ìdọ̀tí ilé àti ti ilé-iṣẹ́ ló ń ṣàn sínú rẹ̀.

Àyà lókè, ẹ̀yìn nísàlẹ̀, ni àwọn ọmọ tuntun fi ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí igun kan, wọ́n á ṣù jọ síbẹ̀, kí ẹ wá fi ife gbọ́n wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí omi iyọ̀ mọ́ wọn lára.

Artemia, ẹ̀dá omi iyọ̀ tíntìntín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni oúnjẹ wọn. Àwọn tó ń pa ọmọ ẹja àrọ̀ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹyin rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi kò gbọdọ̀ dúró, nítorí náà ẹ ra èyí tó ń lo bátìrì. Ẹni tó gbójú lé iná ìjọba nìkan, kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó lè ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó máa rìn nísàlẹ̀ gíláàsì bí ìyá wọn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ máa dín iyọ̀ kù lójoojúmọ́. Ẹ ju àjákù páìpù síbẹ̀ kí wọ́n rí ibi sá sí, torí èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo, awọ rẹ̀ á ṣì rọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́.