Ìgbà Wo Ni Kí N Kó Wọn Lọ Sílé Ìkàwé?

ÌBÉÈRÈ

Òkè Àdó ni mò ń gbé, mo sì ń kọ́ àwọn ọlọ́dún kejì ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Ìbàdàn níbí. Bí mo bá ní kí ilé ìkàwé wa kọ́ wọn bí a ṣe ń wá ìwé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kíá ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa gbà, àmọ́ tí iṣẹ́ bá dé, àwọn ọmọ náà ò ní rántí nǹkan kan. Bí mo bá dúró dìgbà tí iṣẹ́ dé, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ á ní àyè ti kún. Ọgọ́rin ni àwọn ọmọ náà. Kí ni kí n ṣe?
Olùkọ́, Òkè Àdó.

ÌDÁHÙN

Ìgbà tí ẹ máa tọrọ àyè àti ìgbà tí ẹ máa lọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kí sáà tó wọlé ni kí ẹ ti gba ọjọ́, ní kété tí táímútébù bá jáde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ máa gbà, kó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé èyí tí ẹ pín àkòrí iṣẹ́. Kí kálukú ti wá tirẹ̀ lórí Google, kó má rí i, kí orí rẹ̀ ti gbóná díẹ̀. Ìgbà yẹn ni etí máa ń ṣí.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ti fi Use of Library sínú GST (ẹ̀kọ́ gbogbogbòò) fún àwọn ọlọ́dún kìíní. N kò bá a jà. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tí a kó èrò rẹpẹtẹ sí gbọ̀ngàn kọ́, kò lè sọ fún ọmọ bó ṣe máa rí ìwé ìròyìn ọdún 1952.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ má kàn kọ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ́ wọn ní ìlò ilé ìkàwé.” Ẹ so ìbéèrè iṣẹ́ náà mọ́ ọn, kí ẹ kọ iye wọn, ọjọ́ tí wọn yóò dá iṣẹ́ padà, àti ọjọ́ méjì mìíràn bí ti àkọ́kọ́ kò bá ṣeé ṣe. Ẹ wo ìdí: ká ní ìṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn lẹ́yìn 1949 ni àkòrí, ọdún tí Awólọ́wọ̀ dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ládùúgbò yín níbẹ̀. Bí olùtọ́jú ìwé bá ti mọ̀, ó lè gbé ìdìpọ̀ ìwé ìròyìn àtijọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì, kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, kó rí i pé kò sí ibi téèyàn máa tẹ ọ̀rọ̀ sí kí ojú ewé tó ń wá jáde. Oṣù àti ọjọ́ ló máa mọ̀ kó tó débẹ̀.

Bí ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì yín kò bá ní irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn (U.I.). Láti 1950 ni òfin ti ní kí àwọn atẹ̀wé máa fi ẹ̀dà ìwé wọn ránṣẹ́ síbẹ̀. National Archives náà wà nínú ọgbà kan náà, Kenneth Dike tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìkàwé náà ló sì ṣe wàhálà rẹ̀ títí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1954 (onítàn bíi yín ni!). Kí àwọn ọmọ mú lẹ́tà láti ẹ̀ka yín dání.

Ọgọ́rin ti pọ̀ jù fún ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ pín wọn sí mẹ́rin, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n. Bí olùkọ́ bá ti bá tirẹ̀ lọ, fóònù làwọn ọmọ máa tẹ̀. Ẹ bèèrè wákàtí tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀, nítorí kọ̀ǹpútà tí kò níná kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yẹra fún ọ̀sán Jímọ̀.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé bá ṣì ní kò sáyè, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda ẹnì kan kó wá bá yín ní kíláàsì fún wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà, nítorí kò gba yàrá lọ́wọ́ wọn.