Òṣùwọ̀n Ọmọ: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí Tuntun àti Gbogbo Ará Ilé

Àwọn bàbá wa wí pé ojú kan ni í bí ọmọ, igba ojú ni í wò ó. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ní ọjọ́ ìkómọjáde. Ní ọjọ́ náà ilé a kún, àgbàlá a kún. Ìyá ọkọ yóò wà níbẹ̀, ìyá ìyàwó yóò wà níbẹ̀, àwọn ará ìjọ àti àwọn aládùúgbò yóò sì mú ẹ̀bùn wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù mẹ́fà bá kọjá, tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rá kiri, tí ìyá rẹ̀ sì ti padà sí oko tàbí sí ọjà, mélòó nínú igba ojú wọ̀nyí ni ó ṣì ń wò ó? Ní àkókò náà gan-an ni ewu mìíràn ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tí a wí pé àrùn ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbé e lọ, nígbà púpọ̀ ó ti ń rù díẹ̀díẹ̀ láti oṣù méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì kíyè sí i. Àrùn náà kàn bá ilé tí ògiri rẹ̀ ti lanu ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí àwọn òbí, ará ilé àti ará ìlú ṣe lè tètè mọ̀, kí ìrànlọ́wọ́ sì dé kí ó tó pẹ́ jù.

1. ÀGBẸ̀ ÀTI ÒṢÙWỌ̀N

Àgbẹ̀ tí ó gbin kòkó mọ ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́. Kò sí ẹni tí yóò gbé àpò kòkó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń rà á, tí yóò sì gbà kí a fi ojú lásán díwọ̀n rẹ̀. Yóò dúró ti òṣùwọ̀n, yóò wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí, yóò sì rí i pé a kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ, tí ó níye lórí ju gbogbo kòkó inú àká lọ, ojú lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ṣáà ti rẹ́rìn-ín, a ó ní ara rẹ̀ le. Ojú a máa tan ni jẹ. Ìyá tí ó ń rí ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í tètè mọ̀ pé kò dàgbà mọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó jókòó sábẹ́ igi kì í ti í mọ ìgbà tí òjìji ń yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Òṣùwọ̀n kì í tan ni bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá, ìwọ̀n rẹ̀ yóò di ìlọ́po 2 ti ọjọ́ ìbí rẹ̀ nígbà tí ó bá tó nǹkan bí oṣù 5 tàbí 6. Yóò sì di ìlọ́po 3 nígbà tí ó bá tó ọdún 1. Èyí ni pé ọmọ tí a bí ní kílò 3 yóò tó nǹkan bí kílò 6, lẹ́yìn náà kílò 9.

2. OHUN TÍ A ṢE NÍ ÌMẸ̀SÍ-ILÉ

Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí gbogbo ayé ti kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Ìmẹ̀sí-Ilé ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan, David Morley, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ó rí i pé àwọn ìyá kì í gbé ọmọ wá àfi nígbà tí àrùn bá ti wọ̀ ọ́ lára, àti pé ọ̀pọ̀ àrùn tí ń pa ọmọ ni a lè dí lọ́nà. Nítorí náà òun àti àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Níbẹ̀ ni a ti ń tọ́jú ọmọ tí ó ń ṣàìsàn àti ọmọ tí ara rẹ̀ le pa pọ̀, ní abẹ́ òrùlé kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kì í ṣe dókítà.

Ohun tí ó mú kí ìgbìyànjú yìí lókìkí ni káàdì kan tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ń tọ́jú nílé nínú àpò ọ̀rá. A ya ìlà méjì sórí káàdì náà, wọ́n ń gòkè lọ bí ẹ̀bá ọ̀nà méjèèjì. Ní oṣooṣù a ó wọn ọmọ, a ó sì fi àmì kan sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ dé. Bí a bá so àwọn àmì náà pọ̀, ẹni tí kò mọ ìwé púpọ̀ pàápàá yóò rí i bóyá ọmọ náà ń gòkè lójú ọ̀nà ìlera, tàbí ó dúró sójú kan, tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀. A tún fi àyè sílẹ̀ láti kọ ohun tí ó mú kí ọmọ kan nílò àmójútó pàtàkì: bí ó bá jẹ́ ìbejì, tàbí bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti kú. Láti ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè. Èyí tí a ń lò lónìí ń tẹ̀ lé ìlà ìdàgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2006.

Ẹ kíyè sí ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù nínú rẹ̀. Ibi tí àmì kan wà nìkan kọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀, bí kò ṣe ibi tí ìlà ń lọ. Ọmọ tí a bí ní kékeré, ṣùgbọ́n tí ìlà rẹ̀ ń gòkè, ó wà lójú ọ̀nà. Ọmọ tí ó sanra lánàá, ṣùgbọ́n tí ìlà rẹ̀ kò gòkè láti oṣù 2, ó ń ké fún ìrànlọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ sunkún.

3. OGÓJÌ ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́

Kí a tó dé orí ìwọ̀n oṣooṣù, ìyá àti ọmọ gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ tí ó léwu jù. Kí òṣìṣẹ́ ìlera yẹ àwọn méjèèjì wò láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn ìbímọ, lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní ọ̀sẹ̀ 6.

Kí a fi ọmọ sí ọyàn láàárín wákàtí 1 tí a bí i. Wàrà àkọ́kọ́ tí ó pupa rúsúrúsú kì í ṣe ìdọ̀tí. Òun ni ààbò àkọ́kọ́ tí ìyá ń fún ọmọ, a kò sì gbọdọ̀ fún un dànù. Ọyàn nìkan ni kí ọmọ máa mu títí oṣù 6 yóò fi pé: kò sí omi, kò sí àgbo, bí kò ṣe oògùn tí òṣìṣẹ́ ìlera bá paláṣẹ. Rírọ ọmọ ní àgbo tàbí ní ògì léwu púpọ̀, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Oyin ìkómọjáde pẹ̀lú, kí àwọn òbí tọ́ ọ wò dípò ọmọ; kò yẹ kí oyin kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ikùn ọmọ kò lè ṣẹ́gun.

Ìwọ́ ọmọ kò fẹ́ ìgbẹ́ màlúù, kò fẹ́ eérú, kò sì fẹ́ èpò inú ìgò àlòkù. Ipaṣẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àrùn tí í mú kí àgbọ̀n ọmọ há, tí ara rẹ̀ sì le gbagidi bí igi, fi ń wọlé. Kí ó mọ́, kí ó gbẹ, kí a sì lo oògùn ìwọ́ tí agbẹ̀bí bá fi lé wa lọ́wọ́.

Bí ọmọ tuntun kò bá lè mu ọyàn mọ́, bí gìrì bá mú un, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó tutù nini, bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí ata ilẹ̀, tàbí tí ìdodo rẹ̀ ń ṣọyún, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Bákan náà ni fún ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ púpọ̀, tí ibà mú, tàbí tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú. Ẹ sì wo ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá tí ń sunkún láìdákẹ́, tí kò fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀, tí oorun kò kùn ún, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìmoore. Àìsàn ni, ìtọ́jú sì wà fún un.

4. OÚNJẸ TÍ Ń MÚ ÌLÀ GÒKÈ

Ní oṣù 6, ọyàn nìkan kò tó mọ́, ṣùgbọ́n kí a má ṣe já a gbà títí ọmọ yóò fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yìí ni ìlà ọ̀pọ̀ ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, nítorí ògì ṣíṣàn lásán a máa kún ikùn, kò sì í kọ́ ara. Kí a po ògì kí ó ki, kí a sì fi ẹ̀wà sóyà tàbí ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, tàbí edé, tàbí ẹja gbígbẹ, tàbí ẹyin sí i. Ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀, tí a sè kí ó rọ̀, tí a fi epo pupa sí, oúnjẹ gidi ni. Ìgbà 2 sí 3 lóòjọ́ ni kí ọmọ oṣù 6 sí 8 máa jẹun. Lẹ́yìn náà ìgbà 3 sí 4. Adìẹ tí ń yé ẹyin ní ẹ̀yìnkùlé ilé, kí ọmọ náà jẹ nínú rẹ̀ kí a tó gbé ìyókù lọ sí ọjà.

Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àrùn kan tí í mú kí ẹsẹ̀ ọmọ wú, kí irun rẹ̀ sì pọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ń sọ èdè Gà ni ó ti gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é: kwashiorkor, àrùn tí ń mú ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò rẹ̀. Àwọn ìyá náà ti mọ òtítọ́ kí dókítà tó dé. Nítorí náà ó yẹ kí tọkọtaya bá òṣìṣẹ́ ìlera sọ̀rọ̀, kí ó lè tó ọdún 2 lẹ́yìn ìbímọ kí oyún mìíràn tó dé.

5. ÀRÙN TÍ Ó YẸ KÍ A MÚRA DÈ

Àrùn ìta, tí àwọn kan ń pè ní èéyi, pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní ilẹ̀ wa láyé ìgbà kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára àwọn ibi tí a kọ́kọ́ ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wò ní Áfíríkà. Lónìí, ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ní ọjọ́ ìbí, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ti ìta sì ń bọ̀ ní oṣù 9 àti oṣù 15. Ẹni tí ó gba èkínní tí kò gba ìyókù dà bí àgbẹ̀ tí ó sọgbà yí apá kan oko ká.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ, omi ara rẹ̀ ń tán lọ ni. Kí a máa fún un ní ọyàn, kí a sì po àpò ORS pẹ̀lú iye omi mímọ́ tí a kọ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, kí a po síbí kékeré 6 ṣúgà àti ìdajì síbí kékeré iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní dídọ́gba, sínú lítà 1 omi mímọ́. Kí a sì béèrè fún oògùn síǹkì.

Fún ikọ́, ẹ ka èémí ọmọ fún ìṣẹ́jú 1 nígbà tí ara rẹ̀ rọlẹ̀. Bí ó bá tó 60 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, tàbí 50 títí di ọdún 1, tàbí 40 títí di ọdún 5, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè ti kàn. Ẹ gbé e lọ kíákíá. Fún ibà, kí ọmọ àti ìyá máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn lálaalẹ́, kí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn.

6. IṢẸ́ OLÚKÚLÙKÙ

Òṣùwọ̀n kò wo ọmọ sàn. Bí a bá wọn ọmọ, tí ìlà rẹ̀ tẹ̀, tí gbogbo wa sì padà sílé láìṣe nǹkan, a kàn ti fi ìwé sin àdánù wa ni. Baba ni kí ó máa béèrè káàdì lóṣooṣù bí ó ti ń béèrè ìwé kòkó, kí ó sì fi owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn pamọ́ kí ọjọ́ ìpọ́njú tó dé. Ìyá àgbà, ẹnu rẹ ni ilé ń gbọ́: bí o bá wí pé kí a má rọ ọmọ mọ́, a kò ní í rọ ọ́. Kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀, kí a sì yan ẹnìkan láti máa bẹ ilé méjì tàbí mẹ́ta wò. Bí ìlà ọmọ kan bá dúró, kí wọ́n bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí kò tó nílé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá. Ìyá tí a bá bú lónìí yóò fi káàdì rẹ̀ pamọ́ ní oṣù tí ń bọ̀. Ní ìgbà tí iṣu àtijọ́ ti tán tí tuntun kò sì tíì jáde, kóńgò ẹ̀wà kan láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò lè yí ìlà kan padà sókè.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí a má ṣe jẹ́ àgbà ọjọ́ ìkómọjáde nìkan. Ọdún 5 ni ọjà náà fi ń ná.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èéṣe tí ojú lásán kò fi tó láti mọ̀ bí ọmọ bá ń dàgbà?
2. Èwo ni ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù jù: ọmọ kékeré tí ìlà rẹ̀ ń gòkè, tàbí ọmọ ńlá tí ìlà rẹ̀ dúró?
3. Kí ni a lè fi sínú ògì nínú ohun tí oko tiwa ń mú jáde?
4. Ọmọ mélòó tí kò tíì pé ọdún 5 ni ó wà ní àdúgbò wa? Ta ni ó ń bẹ wọ́n wò?