Fífẹsẹ̀ Rin Etí Òkun láti Cape Coast dé Elmina

Àyìnlá, ọmọ àbúrò mi,

Ìrìn etí òkun láti Cape Coast dé Elmina, ní ilẹ̀ Gánà, tó nǹkan bíi kìlómítà 13. Ìwọ̀ oòrùn ni Elmina wà, nítorí náà kùtùkùtù òwúrọ̀ ló yẹ kí arìnrìn-àjò gbéra ní Cape Coast, kí oòrùn máa ta á lẹ́yìn dípò kó máa gún un lójú. Ẹni tó bá ń dá lọ a máa sọ ọ̀nà tó gbà fún ará ilé, a gba iná sí fóònù, a sì mú owó cedi wẹ́wẹ́ dání.

Ilé olódi wà ní ìlú méjèèjì. Àwọn ará Sweden ló bẹ̀rẹ̀ ti Cape Coast ní 1653. Nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ibùjókòó ìjọba wọn títí di 1877 tí wọ́n gbé e lọ sí Accra. Ẹni tó ní ọjọ́ kan péré lè wo èyí láti ìta, kó fi àyè sílẹ̀ fún ti Elmina.

Iyanrìn tútù tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀ ló le, orí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ kì í ti í tètè rẹ̀. Ìlúwẹ̀ẹ́ kò sí fún ẹni tó dá wà, torí omi ibẹ̀ a máa wọ́ ènìyàn lọ sí agbami. Bí àwọn apẹja bá ń fa àwọ̀n, ẹ̀yìn wọn là ń gbà, a kì í dá okùn wọn kọjá, a sì ń tọrọ àyè ká tó ya fọ́tò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn apẹja Fante kì í lọ sójú òkun; àwọ̀n ni wọ́n ń tún ṣe, àyè ọ̀rọ̀ sì máa ń wà. Ní Iture, odò wọ inú òkun, ó gé etí òkun sí méjì. A kì í fẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò: orí títì ni kí arìnrìn-àjò gùn, kó gba afárá.

Ní Elmina, kí ó kọ́kọ́ gun òkè tó kọjú sí ilé olódi náà. Láti orí òkè yẹn ni ìtàn odi náà ti ń yéni. Àwọn Pọtogí kọ́ odi wọn ní 1482 sórí àpáta láàárín òkun àti ọ̀sà Benya. Ọ̀tá tó bá gba ojú omi wá ni wọ́n ń ṣọ́. Ní 1637, àwọn ará Họ́lándì wọ́ ìbọn àgbá gun òkè yìí, wọ́n yìn ín sínú odi, àwọn Pọtogí sì túúbá. Kí ẹlòmíràn má baà ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, àwọn ará Họ́lándì kọ́ odi Coenraadsburg sórí òkè náà. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1872, inú odi tí àwọn Pọtogí kọ́ sì ni Gẹ̀ẹ́sì ti Prempeh Kìíní, Asantehene, ìyẹn ọba àwọn Ashanti, mọ́ ní 1896.

Nígbà náà ni kó sọ̀ kalẹ̀ wọ inú odi pẹ̀lú afinimọ̀nà. Yóò rí iyàrá tí wọ́n ń kó ẹrú pa mọ́ sí láyé òwò ẹrú, àti àgbàlá àwọn ẹrú obìnrin tí gómìnà máa ń wò láti òkè nígbà náà. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi ẹ̀rín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kó wọ trotro, ìyẹn dánfó àwọn ará Gánà, padà sí Cape Coast.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ