Ìwọ̀n Ìtànṣán àti Yíyí Rẹ̀ Padà

Bí ọmọ kan bá ti ọjà dé, tí ó sì wí pé, “Mo ra gàrí méjì,” ohun tí ìyá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, “Méjì kí ni? Kóńgò ni tàbí àpò?” Iye nìkan kò tó, òṣùwọ̀n ni ó ń fún iye ní ìtumọ̀. Bí ó ti rí lọ́jà, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń wọn ìtànṣán, àti bí a ṣe ń yí òṣùwọ̀n rẹ̀ kan padà sí òmíràn.

Ìtànṣán tí à ń wí yìí kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Agbára kan ni tí ó ń jáde láti inú àwọn ohun bíi uranium, tàbí láti inú ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn fi ń ya àwòrán egungun. A kì í rí i, a kì í gbọ́ òórùn rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń wọ inú ara lọ, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó ń pa ènìyàn. Òṣùwọ̀n nìkan ni ojú tí a fi ń rí i.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òṣùwọ̀n ìtànṣán tí ara gbà sínú ni gray, èyí tí a fi sọrí Louis Harold Gray, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1975 ni àpéjọ àgbáyé lórí òṣùwọ̀n fi ọwọ́ sí i. Èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ ni rad. Rad 100 ni ó wà nínú gray kan. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ yí gray padà sí rad, a ó fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí a bá sì fẹ́ yí rad padà sí gray, a ó fi 100 pín in. Ẹ̀kẹta ni röntgen. Iṣẹ́ tí ìtànṣán ń ṣe nínú afẹ́fẹ́ ni èyí ń wọ̀n, kì í ṣe ohun tí ara gbà. Ṣùgbọ́n a lè fojú bù ú pé röntgen kan ń fún ẹran ara ní nǹkan bí gray 0.01.

Ó tún ku àkókò. Bí omi ẹ̀rọ bá ń kún ife kan ní ìṣẹ́jú kan, ife 60 ni yóò kún ní wákàtí kan. Bákan náà, gray kan ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ gray 60 ní wákàtí kan. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá ni a fi kà á, 3,600 ni a ó fi sọ ọ́ di púpọ̀ kí ó tó di ti wákàtí.

Ní òru ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1986, ẹ̀rọ átọ́mù kẹrin bú gbàmù ní ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tí ó wà ní Chernobyl, ní ilẹ̀ Ukraine, èyí tí ó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi wọn ìtànṣán kò lè kà ju röntgen 0.001 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ sáré dé òpin, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ fi 3,600 sọ ọ́ di púpọ̀: ó di röntgen 3.6 ní wákàtí kan. Ìṣirò náà pé pérépéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bu omi òkun títí ìkòkò rẹ̀ fi kún, ṣé ó lè wí pé bí ìkòkò òun ti tó ni òkun tó?

Ní ibi tí ó burú jù, a fojú bù ú pé röntgen 5.6 ni ó ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí ju röntgen 20,000 lọ ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bí gray 200. Gray mẹ́rin sí márùn-ún lórí gbogbo ara sì lè pa ìdajì àwọn tí ó bá kàn, bí wọn kò bá rí ìtọ́jú. Bí ó bá jẹ́ röntgen 3.6 ni lóòótọ́, ènìyàn yóò lo ju ọjọ́ mẹ́rin lọ níbẹ̀ kí ó tó gba gray mẹ́rin. Ní ibi tí ó burú jù yẹn, kò ní tó ìṣẹ́jú kan àbọ̀.

Alexander Akimov, ọ̀gá àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òru náà, gbà pé ẹ̀rọ náà kò tíì fọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró di òwúrọ̀, wọ́n ń gbìyànjú láti rán omi sínú ohun tí ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ àti panápaná 134 tí àìsàn ìtànṣán mú, 28 kú láàárín oṣù díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, nígbàkígbà tí ẹ bá kọ iye kan sílẹ̀, ẹ kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ tì í. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ béèrè bóyá ohun tí a fi wọ̀n ọ́n tó o wọ̀n.

Iṣẹ́ Ṣíṣe
1. Yí gray 0.5 ní wákàtí kan padà sí rad ní wákàtí kan.
2. Bí ara bá ń gba rad 6 ní ìṣẹ́jú kan, gray mélòó ni yóò gbà ní wákàtí kan?
3. Ṣe àlàyé bí ìṣirò tí ó pé ṣe lè ṣi ènìyàn lọ́nà.