"Wọ́n Ti Múná Lọ" àti "Mo Ti Pa Iná": Èdè Ààbò nínú Pípààrọ̀ Hítà Balùwẹ̀

Irin tí iná mànàmáná ń mú gbóná láti fi gbẹ táwẹ̀lì jẹ́ ohun èlò ilẹ̀ olótùútù. Ní Palmgrove, oòrùn àti okùn ẹ̀yìnkùlé ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú balùwẹ̀ níbẹ̀ ni hítà omi: iná àti omi pàdé lójú kan, bó bá sì gbó, ẹnìkan gbọ́dọ̀ tú wáyà rẹ̀ kó tó so tuntun.

Gbólóhùn méjì tí oníṣẹ́ iná máa ń sọ nídìí iṣẹ́ yìí yẹ fún àyẹ̀wò olùkọ́ èdè:

(1) Wọ́n ti múná lọ.
(2) Mo ti pa iná.

Gílóòbù kò tàn nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n arọ́pò-orúkọ 'wọ́n' tó jẹ́ olùwà (1) kò tọ́ka sí ẹni pàtó. Ẹni tó mú iná lọ kò sí nínú ilé, kò sì sọ ìgbà tí yóò dá a padà. (NEPA ni ọ̀pọ̀ ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2005, tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ti ń pín iná láti 2013.) Nínú (2), olùwà ni oníṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìkáwọ́ rẹ̀ ni iná wà. Ẹni tó bá fi (1) ṣe (2) lè di wáyà mú nígbà tí iná bá dé.

'Pa' pàápàá ń béèrè àbọ̀ tó ṣe kedere. 'Pa súìṣì hítà' kò tó, nítorí súìṣì mìíràn ń gé wáyà kan ṣoṣo. Bí wáyà bá ti ṣì wọlé, iná ṣì wà nídìí hítà. 'Pa iná láti orí bọ́ọ̀dù, kí o sì fi tẹ́sítà dán an wò' ló péye.

Hítà 2,000 wọ́ọ̀tì lórí fólìtì 230 ń fa nǹkan bí áńpíà 9, nítorí náà wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbé e. Wáyà ilẹ̀, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ewé àti ìyeyè, ni àwọn kan ń gé dànù nítorí pé hítà ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí iná bá jò sára irin rẹ̀, ara ẹni tó ń wẹ̀ ló lè di ọ̀nà tí iná yóò gbà wọlẹ̀.

Nínú kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtọ́sọ́nà náà fún ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú 'kí … tó': 'Jẹ́ kí omi kún hítà kí o tó tan iná.' Bí ó bá kọ 'Jẹ́ kí omi kún hítà, kí o sì tan iná', kí olùkọ́ bi í léèrè èwo ló pọn dandan kó ṣáájú, nítorí hítà tí kò ní omi nínú yóò jó.