Ìtànṣán Mélòó Ló Wọ Orí Ọmọ?

Bí ọmọdé bá fi orí gbá ilẹ̀, tó ń bì, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, dókítà lè ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ CT wo inú agbárí rẹ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà níbẹ̀. Ìtànṣán X-ray ni ẹ̀rọ náà ń lò. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi í wo orí aláìsàn, lọ́dún 1971.

Bí àyẹ̀wò bá parí, nọ́ńbà méjì á hàn lójú ẹ̀rọ. Òbí tó bá rí wọn á rò pé ohun tó wọ ara ọmọ òun nìyẹn. Rárá o. Ike rìbìtì kan ni àwọn onímọ̀ fi ń díwọ̀n ẹ̀rọ yìí. Ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16, òun ló dúró fún orí. Ohun tí ike yẹn ìbá gbà ni nọ́ńbà kìíní ń sọ. Orí ọmọ ọwọ́ kò sì tóbi tó ike náà, nítorí náà ohun tó ń wọ̀ ọ́ máa ń ju nọ́ńbà yẹn lọ.

Ká ní 25 ni nọ́ńbà kìíní, tí ibi tí ẹ̀rọ wò sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 16. 25 lọ́nà 16 jẹ́ 400. Nọ́ńbà kejì nìyẹn.

Ọjọ́ orí ló kù. Àwọn onímọ̀ ti ṣe àtẹ iye tí wọ́n ń fi sọ nọ́ńbà kejì di púpọ̀ fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n ìtànṣán tó kan gbogbo ara. Fún ọmọ tuntun, 400 lọ́nà 0.011 di 4.4. Fún ọmọ ọdún 5, 400 lọ́nà 0.0040 di 1.6. Fún àgbà, kò pé 1. Mílísífàtì ni wọ́n ń pe ìwọ̀n yìí. Kí ló fa ìyàtọ̀ náà? Orí gba apá ńlá nínú ara ọmọ tuntun, mùdùnmúdùn tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ nínú agbárí rẹ̀. Ká lè fi wé e, ìtànṣán tó ń ti inú ilẹ̀, ojú ọ̀run, afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ bá gbogbo wa lọ́dọọdún tó nǹkan bíi 2.4, tí a bá pín in dọ́gba káyé.

Ìfojúbù ni ìṣirò yìí o: ti ọmọ kan tó wà nínú ìwé ni, kì í ṣe ti ọmọ yín gan-an. Ìwádìí kan tó jáde ní Bìrìtìkó lọ́dún 2012 fi hàn pé bí ìtànṣán CT tí ọmọdé gbà bá ṣe pọ̀ tó ni ewu jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ti ọpọlọ ń ga sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu náà kéré fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú agbárí léwu jù ú lọ fíìfíì, nítorí náà ẹ má sá fún àyẹ̀wò tó bá pọn dandan. Ẹ kàn bi òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ bóyá ó ti yí i sí ti ọmọdé. Bí ó bá dín iná ìtànṣán kù sí ìdajì, gbogbo ìṣirò òkè yẹn náà á dín sí ìdajì.