Kí A Tó Gbé Iṣẹ́ fún Ayàwòrán

Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ sọ ìtàn ilé-ìwé rẹ̀ di ìwé ìtàn aláwòrán fún àwọn ọmọ, owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò wà ní ọwọ́ àwọn díẹ̀. Ó yẹ kí àwọn díẹ̀ náà mọ bí a ti ń dáàbò bo owó àti iṣẹ́.

Èkíní: ta ni ó ni àwòrán? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó sanwó ni. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2022 fi ẹ̀tọ́ náà sí ọwọ́ ẹni tí ó ya àwòrán, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ẹ̀tọ́ yìí a sì máa wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ayàwòrán. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀, tàbí kí ó fi àwòrán inú rẹ̀ ṣe kàlẹ́ńdà, ayàwòrán, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lè kọ̀ jálẹ̀. Bébà tí a ya àwòrán sí pàápàá yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ yìí: ènìyàn lè ní bébà náà nínú àpótí rẹ̀, kí ó má sì ní àṣẹ láti tẹ̀ ẹ́.

Èkejì: ìwé àdéhùn. Nígbà tí wòlíì Jeremáyà ra oko tí ó wà ní Ánátótì ní ṣékélì 17, ọwọ́ ọmọ arákùnrin baba rẹ̀ ni ó ti rà á. Síbẹ̀ ó kọ ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, a sì fi ìwé náà pamọ́ sínú ìkòkò amọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọmọ ilé-ìwé wa ni ayàwòrán náà, nítorí náà kò sí ìdí fún ìwé. Ẹ kọ iye ojú ewé sílẹ̀, bí yóò bá ní àwọ̀ tàbí kò ní, ọjọ́ tí yóò parí, iye ìgbà tí a lè béèrè àtúnṣe láìsan owó mìíràn, àti ohun gbogbo tí ẹ ó lo àwòrán náà fún. Ẹ kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí ó dà kọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fà sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta: owó. Ìtàn aláwòrán kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. A kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù ya á. Lẹ́yìn náà ni tàdáwà, àwọ̀, àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Bí aṣọ ọ̀gá àgbà kò bá rí bí ó ti yẹ, ìgbà pẹ́ńsùlù ni ó rọrùn láti pa á rẹ́. Bí àwọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, àtúnyà ni. Nítorí náà ẹ pín owó sí mẹ́ta: ìdá kan nígbà tí a bá fọwọ́ sí ìwé, ìdá kan nígbà tí ẹ bá ti yẹ iṣẹ́ pẹ́ńsùlù wò tí ẹ sì gbà á, ìdá ìkẹyìn nígbà tí iṣẹ́ bá pé sí yín lọ́wọ́. Kí orúkọ tí ó wà lórí àkáǹtì jẹ́ orúkọ ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ̀kẹrin: òdodo. Ní ọdún 1938, Jerry Siegel àti Joe Shuster fi ẹ̀tọ́ wọn lórí Superman sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ní dọ́là 130. Ìwé wà, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì kú, ẹjọ́ kò tán. Ní ọdún 1975 ni àwọn tí ó ni Superman tó gbà láti máa fún wọn ní owó lọ́dọọdún. Àdéhùn tí ó rẹ́ ẹnì kan jẹ kì í dáàbò bo ẹnì kejì pẹ́. Ẹ san ohun tí ó tọ́ sí oníṣẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Agbẹjọ́rò kò wọ́n láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn ka ìwé náà kí owó tó jáde.